Foreman 1973 àti Tyson 1988: ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹfirí fún mi

Tí àríyànjiyàn nípa akànṣẹ́ tó máa na ẹnì kejì ká ní wọ́n jọ pàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, Ali àti Tyson ni gbogbo èèyàn máa ń sáré fà yọ, wọ́n á jà á títí, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ na ara wọn, ó sì ti sú èmi. Kì í ṣe pé ìjà yẹn ò dùn ún rò o, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹni tó bá fẹ́ràn Ali á ní Ali ni, ẹni tó jẹ́ pé fídíò Tyson ló fi mọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ á ní Tyson ni, kò sẹ́ni tó máa farabalẹ̀ wo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Èyí tó máa ń gba oorun lójú tèmi ni George Foreman ti 1973 pẹ̀lú Mike Tyson ti 1988. Àwọn méjì tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ò ju kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ lọ. Kò sẹ́ni tó ń jó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sá káàkiri torí kó lè gba máàkì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ṣẹ́ gidi ló máa lọ sílẹ̀, àwọn adájọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹgì lè máa gbádùn ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ẹni tí à ń sọ kó yé wa, torí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú nìyẹn. Foreman tí mò ń sọ kì í ṣe bàbá olórí fífá tó máa ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Michael Moorer ní 1994 lẹ́ni ọdún 45. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an, ọpọlọ ẹ̀ nínú ríǹgì tiẹ̀ dáa ju ti ìgbà èwe ẹ̀ lọ, àmọ́ òun kọ́. Èyí tí mò ń sọ ni ọ̀dọ́kùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó dé Kingston ní Jàmáíkà ní January 22, 1973, láti bá Joe Frazier jà, lẹ́ni ọdún 24, ó ti ja ìjà 37, kò sì sẹ́ni tó nà án rí. Ti Tyson náà, ẹ má mú èyí tó tẹ̀wọ̀n dé wá fún mi, ẹ má sì mú ti Tokyo, níbi tí Buster Douglas ti nà án, wá. June 27, 1988 ni mo fẹ́, Atlantic City, alẹ́ tó na Michael Spinks láàárín sẹ́kọ́ńdì 91, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún 22. Kevin Rooney tó ń kọ́ ọ ṣì wà ní kọ́nà ẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pínyà, lójú tèmi sì rèé, látìgbà yẹn ni orí Tyson ò ti yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló kù, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ò sì tó.

Tí wọ́n bá gun ìwọ̀n, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Foreman jẹ́ nǹkan bíi póun 217 lọ́jọ́ Kingston, Tyson jẹ́ nǹkan bíi 218 lọ́jọ́ Spinks. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, ojú ló ń tàn wọ́n, wọ́n rò pé ọ̀kan nínú wọn ò lẹ́ran lára. Ibi tí wọn ò ti dọ́gba ni gíga. Foreman lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́ta, Tyson ò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì mẹ́wàá lọ, tí wọ́n bá sì na apá méjèèjì síta kí wọ́n wọ̀n ọ́n, ti Tyson jẹ́ íńṣì 71, ti Foreman lé ní 78. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, bí ìjà yìí ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Tí Tyson bá wà lókèèrè kò lè rí nǹkan kan ṣe. Tó bá sì ti wọlé tán, tí orí ẹ̀ ti wà lábẹ́ àgbọ̀n Foreman, apá gígùn yẹn á wá di ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ni í, torí Foreman ò lè ṣe kó má wá àyè tó máa fi ju ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀. Gbogbo ìjà náà wà nínú ìgbésẹ̀ kan péré tó wà láàárín ibi méjèèjì yẹn, ẹni tó bá ni ìgbésẹ̀ yẹn ló ni ìjà.

Àwọn kan máa ń ní agbára lásán ni Foreman ní, kò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni jàre. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Kingston, ẹ má wo ọwọ́. Kì í lé èèyàn. Ẹni tó ń lé èèyàn máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn káàkiri ríǹgì títí á fi rẹ̀ ẹ́, Foreman kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tó o fẹ́ sá gbà ló máa ti gbé ẹsẹ̀ sí kó o tó dé bẹ̀, ìgbésẹ̀ kan sọ́tùn-ún, ìgbésẹ̀ kan sósì, kó o tó ṣẹ́jú okùn ti kàn ẹ́ lẹ́yìn. Dick Sadler ló ń kọ́ ọ, Archie Moore wà ńbẹ̀ pẹ̀lú wọn, Archie Moore tí nọ́kọ́ọ̀tì ẹ̀, ìyẹn ìjà tó fi ẹ̀ṣẹ́ dá dúró, lé ní 130, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè dúró tì ẹ́ kó o má mọ bí wọ́n ṣe ń sé ọ̀nà mọ́ èèyàn. Jáàbù ẹ̀ náà, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tó ń lọ tààrà, ó ti máa ń bá Sonny Liston dánra wò nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ti Liston ló sì jọ. Àwọn kan máa ń fi jáàbù wọn ọ̀nà, òun ń fi tiẹ̀ dá èèyàn dúró ni.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn ò tó ohun tó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò nìyí, tẹ́ ẹ bá tún rí fídíò ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Akànṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó ń yí orí bọ̀, gbogbo ìwọ̀n ara ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Foreman á na ọwọ́ méjèèjì, á gbé e lé e léjìká tàbí lórí apá, á tì í. Kì í tiẹ̀ ti èèyàn ní títì burúkú, ó kàn máa ń sún un ni. Ìwọ̀n ara tó wà níwájú yẹn á padà bọ́ sí gìgísẹ̀, ẹ̀yìn tó tẹ̀ á nà, orí tó wà nísàlẹ̀ á gòkè, fún bíi ká ṣẹ́jú báyìí ẹni yẹn ò lè ju ẹ̀ṣẹ́, kò sì lè yẹ ẹ̀ṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ́pákọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún á ti gbà wọlé láti ìsàlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Joe Frazier nìyẹn. Frazier yìí ló ni bẹ́líìtì nígbà yẹn o, òun ló gbé Ali ṣubú ní ráúńdì 15 ní Madison Square Garden ní March 1971, kò sẹ́ni tó tíì nà án. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ sílẹ̀ ní Kingston kí ráúńdì kejì tó parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ráúńdì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìkejì, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣẹ́ yẹn gbé ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀ kúrò nílẹ̀, èèyàn tó wọn póun 214! Nígbà tó yá, Foreman fúnra ẹ̀ ti ń wo ọ̀dọ̀ àwọn ará kọ́nà Frazier pé ṣé wọn ò ní wá gba ọkùnrin yìí ni.

Ibí yìí wá ni wọ́n ti máa ń pa ẹjọ́ náà dé. Frazier kúrú, Tyson kúrú, Frazier máa ń já wọlé, Tyson máa ń já wọlé, Foreman sì pa Frazier jẹ, ó ti tán, á pa Tyson náà jẹ. Ó dùn létí o. Àmọ́ ẹni tó bá ní Tyson àti Frazier jọra, gíga ló wò, kò wo ìjà.

Frazier kì í tètè gbóná. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá di ráúńdì kẹrin, ìkarùn-ún, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú iná, látìgbà yẹn lọ kò sẹ́ni tó fẹ́ kó súnmọ́ òun. Foreman ò jẹ́ kó débẹ̀. Ìkejì, húùkù ọwọ́ òsì, ẹ̀ṣẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, ni Frazier gbójú lé, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ kàn ń bá a rìn ni. Ìkẹta tó ṣe pàtàkì jù, bó ṣe ń yí orí ní ìlù tiẹ̀, á lọ sílẹ̀, á gòkè, á lọ sílẹ̀, á gòkè, ojú ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà bọ̀, iwájú ẹ gbọnrangandan. Tó o bá ti ka ìlù yẹn lẹ́ẹ̀mejì, o ti mọ ibi tí orí ẹ̀ máa wà nígbà kẹta, o kàn máa gbé ọ́pákọ́ọ̀tì síbẹ̀ dè é.

Tyson ti 1988 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Cus D'Amato ló mú un lọ́mọdé ní Catskill, tó ń kọ́ ọ títí bàbá yẹn fi kú ní November 1985, ọdún kan kí ọmọ náà tó na Trevor Berbick tó sì di ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí tó gba bẹ́líìtì àwọn abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò tó wúwo jù lágbàáyé, ọmọ ogún ọdún ni. Ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Rooney á máa pe nọ́ńbà, Tyson á máa jù ú, ọ̀kan ò ní tíì bọ́ kúrò lẹ́nu kí ẹ̀ṣẹ́ méjì mẹ́ta tó ti balẹ̀. Wọ́n máa ń so àpò kékeré kan rọ̀ sí ibi tí orí ẹ̀ ga dé, wọ́n á fì í, òun á máa yọ orí kúrò fún un, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, àìmọye ìgbà, tó fi jẹ́ pé tó bá dénú ríǹgì orí yẹn kì í dúró fúnra ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì á sì wà lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ibi tó wá yàtọ̀ sí Frazier pátápátá ni ohun tó máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti yẹ jáàbù. Frazier á wà níwájú ẹ. Tyson á fò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ. Ìgbésẹ̀ kékeré kan ni, ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀ pọ̀, tó bá fi máa balẹ̀ ìwọ ṣì ń wo ibi tó wà tẹ́lẹ̀, òun ti wà ní ìhà ẹ, ọwọ́ ọ̀tún á kọ́kọ́ gbá ẹ níhà, o máa fi ìgbọ̀nwọ́ bò ó, ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà, kì í ṣe òsì o, á tún gòkè wá bá àgbọ̀n ẹ. Ọwọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Ẹ máa wá ẹlòmíì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó ń ṣe ìyẹn, ẹ máa pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ara ló kọ́kọ́ mú Spinks kúnlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, látìgbà tí Spinks sì ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, kò tíì sẹ́ni tó nà án rí, ìjà 31, kò pàdánù kankan.

Torí náà tí Foreman bá na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti ti Tyson, ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé èjìká ẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀?

Èmi ò ní sọ pé rárá o. Ìgbà míì á wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti da Foreman láàmú. Gregorio Peralta, ọmọ Ajẹntínà, kò lágbára tó ti Foreman débi kankan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jà, ní 1970 wọ́n ja ráúńdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá parí, ní 1971 ó tún di ráúńdì kẹwàá kí Foreman tó rí i dá dúró. Kí ni Peralta ṣe? Ó ń yí ni. Kì í dúró síbi tí wọ́n bá a. Ron Lyle ní January 1976, ìyẹn ò yí o, ó kàn dúró ó ń jù ú, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé Foreman ṣubú ní ráúńdì kẹrin, torí ẹ̀ṣẹ́ Foreman máa ń fẹ̀ gan-an nígbà tó bá ń bínú, ó máa ń gba ìta wá bíi ti ẹni tó ń gbá koríko, ẹni tó bá ju èyí tó tọ́ gba àárín ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Òótọ́ ni pé Foreman dìde, tó sì na Lyle ní ráúńdì karùn-ún, ọkàn tó wà nínú ọkùnrin yẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ Tyson kúrú ju ti Lyle lọ, ó yá ju ti Lyle lọ, àárín náà ló sì ń gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Kinshasa kún un. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé Ali na Foreman ní October 1974 nítorí náà Tyson náà á nà án, kí ló kàn wọ́n? Ali ga bíi Foreman, apá ẹ̀ gùn, ó fẹ̀yìn ti okùn, ó ń fà á lọ́rùn mọ́ra, ó jẹ́ kó jù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá nà án ní ráúńdì kẹjọ. Tyson tó bá fẹ̀yìn ti okùn fún ìṣẹ́jú kan níwájú Foreman 1973, ilé ìwòsàn ló kù.

Ó yá, ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí ló máa ń dààmú Tyson? Ẹni tó bá dì í mú, ẹni tó bá fi ọ́pákọ́ọ̀tì dè é, ẹni tó bá sún un sẹ́yìn. James "Bonecrusher" Smith dì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní March 1987, ìjà tó burú jù láti wò, ráúńdì 12 gbáko, Tyson ló jàre àmọ́ kò rí nǹkan kan ṣe fún un. Tony Tucker ní August ọdún yẹn fi ọ́pákọ́ọ̀tì kan gbá a ní ráúńdì àkọ́kọ́ tó fi rìn padà sẹ́yìn, ìyẹn náà lọ ráúńdì 12. Buster Douglas ní Tokyo, mo mọ̀ pé mo ní ẹ má mú Tokyo wá, Tyson yẹn ti jáwọ́ nínú nǹkan tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e ní ráúńdì kẹwàá yẹn, ọ́pákọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ rántí ẹni tó ni ọ́pákọ́ọ̀tì ọwọ́ ọ̀tún nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ti Evander Holyfield ní November 1996 ló wá ṣe pàtàkì jù lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Tyson tí à ń sọ nìyẹn. Holyfield wọn póun 215, Tyson 222, síbẹ̀ Holyfield ló ń ti Tyson lọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wò ó ṣe hàà. Tyson tó ń rìn lọ sẹ́yìn ò ní ẹ̀ṣẹ́ kankan lọ́wọ́, gbogbo nǹkan tí D'Amato kọ́ ọ, iwájú ló dojú kọ. Ìyẹn ò sì ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí tàbí ẹ̀wọ̀n, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni, ó wà lára ẹ̀ ní 1988 náà, kò kàn tíì sẹ́ni tó lágbára láti tì í ni. Spinks ò lè tì í. Larry Holmes tó ti di ẹni ọdún 38 ní January 1988 ò lè tì í. Foreman lè tì í.

Ibi tí mo ń bọ̀ látẹ̀ẹ̀kan nìyí. Títi èèyàn ò bófin mu. Dídi èèyàn mú ò bófin mu. Fífa ọrùn èèyàn sílẹ̀ ò bófin mu. Gbogbo ẹ̀ wà nínú òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ látìgbà tó ti pẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ti ń wo ìjà mọ̀ pé òfin yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ló wà, rẹfirí ni, bó bá ṣe jí lọ́jọ́ yẹn ló ṣe máa rí. Arthur Mercante ló wà nínú ríǹgì ní Kingston, ó jẹ́ kí ìjà máa lọ, Foreman sì na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì bó ṣe wù ú. Oṣù mọ́kànlélógún lẹ́yìn ẹ̀, Zack Clayton wà nínú ríǹgì ní Kinshasa, òun náà jẹ́ kí ìjà máa lọ, Ali ló jàǹfààní ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó fa ọrùn Foreman títí ọrùn yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i. Mills Lane ní tiẹ̀, tí Smith ń di Tyson mú, ó yọ máàkì lára Smith. Ní 1996, tí Tyson ń pariwo pé Holyfield ń fi orí kan òun, Mitch Halpern ní kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n ń jà lọ.

Ẹ wá rí i báyìí pé nínú ìjà Foreman àti Tyson, kì í ṣe húùkù ni nǹkan ìjà tó ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe ọ́pákọ́ọ̀tì náà. Àtẹ́lẹwọ́ Foreman ni. Tí wọ́n bá gba àtẹ́lẹwọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, tí rẹfirí bá kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ní ráúńdì àkọ́kọ́, tó wá yọ máàkì kan ní ìkejì, Foreman gbọ́dọ̀ máa fi jáàbù nìkan dá Tyson dúró, jáàbù kan sì rèé, bó ti wù kó wúwo tó, Tyson á yẹ méjì nínú mẹ́ta. Tó bá ti yẹ ẹ̀, ó ti wà níhà ẹ̀. Mi ò rí bí ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ gba ìta ṣe máa bọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Foreman náà ò sì ní lè dì mọ́ ọn, torí kì í ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà èwe, kò nílò ẹ̀ rí.

Àwọn kan á ní àfi kí Tyson parí ẹ̀ ní ráúńdì àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ìdàkejì ẹ̀ ni mo rò. Tyson ja ráúńdì 12 lẹ́ẹ̀mejì ní 1987, kò dákú, bẹ́ẹ̀ Foreman ìgbà yẹn, tó bá ti kọjá ráúńdì karùn-ún, mímí ẹ̀ máa ń yí padà, kì í mọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára, gbogbo ẹ̀ ló máa ń kó sílẹ̀ láàárọ̀. Ráúńdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni Foreman fi lè na Tyson, látìgbà yẹn lọ ti Tyson ni. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ ọ́, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń kà mọ́ àwọn tó ń tètè pa iná.

Ẹ tún gbọ́ o, ó súnmọ́ kí wọ́n jà lóòótọ́. June 16, 1990, Las Vegas, alẹ́ kan náà, ríǹgì kan náà, Foreman na Adilson Rodrigues ní ráúńdì kejì, Tyson na Henry Tillman ní ráúńdì àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú ilé kan náà! Wọn ò jọ jà. Ká tiẹ̀ ní wọ́n jà, Foreman ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, Tyson ti kúrò lọ́wọ́ Rooney, kì bá má yanjú nǹkan kan nínú àríyànjiyàn tèmi, àmọ́ mi ò bá ti sanwó wò ó.

Bó ṣe máa rí lójú mi, tó bá jẹ́ pé irú ọwọ́ tí Mercante fi mú ìjà ní Kingston ni wọ́n fi mú un: agogo lù, Tyson já wá bó ṣe máa ń já wá, ó yẹ jáàbù àkọ́kọ́, ó gbá Foreman níhà, gbogbo ilé pariwo. Foreman ò sún. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó tì í, Tyson rìn sẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì, ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀ torí kò tíì sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó tún wá. Lápá ìparí ráúńdì yẹn ó fi húùkù òsì kan gbá Foreman tí orúnkún ẹ̀ fi rọ̀, mi ò rò pé Foreman á ṣubú, tó bá tiẹ̀ ṣubú á dìde, Lyle ti jẹ́ ká mọ̀. Ráúńdì kejì, títì yẹn ti ń pọ̀, Tyson ti ń fò láti ọ̀nà tó jìn torí kò rí ọ̀nà tó kúrú gbà mọ́, tó bá sì ń fò láti ọ̀nà tó jìn, ìgbà tó fi wà lójú ọ̀nà á gùn sí i. Ráúńdì kẹta ni ọ́pákọ́ọ̀tì yẹn máa bá a lójú ọ̀nà. Tyson á dìde, àgbọ̀n ẹ̀ le, kò tíì lọ sílẹ̀ rí nígbà yẹn. Á tún lọ sílẹ̀. Rẹfirí á dá a dúró.

Tó bá jẹ́ irú ọwọ́ tí Mills Lane fi mú Smith ni, Tyson ni, ráúńdì karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ̀ṣẹ́ ara ló máa ṣe é, Foreman ò ní dákú, á kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ kó máa wá èémí títí wọ́n á fi ka ẹ̀wá. Tẹ́ ẹ bá sì ní kí n má sọ̀rọ̀ rẹfirí, kí n kàn mú ẹnì kan, mo mú Foreman, àmọ́ mi ò ní fowó tó pọ̀ sí i.